Ìfun Ọmọ tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé: Omi Ọyàn, Omi Ògì àti Kòkòrò Aṣoore

Ọmọ tó bá wáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni àwọn dókítà kà sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé ní 2020 nìkan, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bí káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 13.4, ìyẹn bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Òkòkòmáíkò, ohun tí ẹbí á kọ́kọ́ máa bèèrè ni pé ṣé ọmọ ń mí dáadáa, ṣé ara rẹ̀ ò tutù. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n tí mímí bá ti rọlẹ̀, tí ara sì ti móoru, ikùn ni ewu tún máa ń gbà wọlé, orí ikùn yìí náà sì ni ìmọ̀ràn ti máa ń pọ̀ jù. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n tọ́ omi ògì sí i lẹ́nu. Ẹlẹ́wé ọmọ ní Ìyànà Ìbà á bu àgbo sí ike. Àbúrò ọkọ tó wà ní London á fi probiotic ránṣẹ́, ìyẹn kòkòrò aṣoore tí wọ́n dì sínú ìgò kékeré. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí ọmọ yè. Ohun tí oníkálùkù gbé wá ló yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa, torí pé ìfun ọmọ yìí ò rí bí ti ọmọ tó pé oṣù.

Ọmọ tó pé oṣù ti ń gbé omi ilé ọmọ mì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ohun tí ìfun rẹ̀ fi ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 28 ò rí àkókò yẹn lò tán. Kí ọmọ tó lè mu ọmú, ó ní láti fà á, kó gbé e mì, kó sì mí, kí ọ̀kan má dí èkejì lọ́wọ́, èyí kì í sì í sábà mọ́ ọn lára títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú tàbí ẹnu rẹ̀ dé ikùn. Ìfun rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, oúnjẹ a sì máa pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ásíìdì tó yẹ kó máa pa kòkòrò búburú nínú ikùn ò tíì tó nǹkan. Awọ inú ìfun náà wá dà bí ògiri búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà ò tíì rẹ́: àlàfo ṣì wà káàkiri, ohun tí kò yẹ kó kúrò nínú ìfun sì lè yọ́ gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò wá tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ìbí ni ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí tó máa gbé inú ìfun ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọ tó gba ojú ara jáde á gba ti ìyá rẹ̀ lọ́nà; wọ́n á gbé e lé ìyá láyà, á gba ti ara; á mu ọmú, á gba ti inú omi ọyàn. Àwọn kòkòrò tó ń lo afẹ́fẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ gbilẹ̀. Tí wọ́n bá ti lo afẹ́fẹ́ inú ìfun tán, àyè á ṣí fún àwọn tí kò nílò rẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní Bifidobacterium, tí wọ́n jẹ́ aṣoore fún ọmọ.

Ọmọ tó jáde ní kòkánmọ́ kì í sábà rí ètò yìí bá pàdé. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ru, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e jáde. Wọ́n á fún ìyá ní oògùn apakòkòrò, wọ́n á fún ọmọ náà nítorí ìbẹ̀rù àkóràn, oògùn ọ̀hún ò sì mọ aṣoore yàtọ̀ sí aṣebi. Inú ínkúbétọ̀ ló ń sùn, kì í ṣe àyà ìyá rẹ̀. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì, rọ́bà oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù ló ń fún un ní kòkòrò àkọ́kọ́, ara àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ sì ni Klebsiella wà, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, tó sì ń pa wọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ wa.

Ibi tí gbogbo èyí lè já sí ni àìsàn ìfun kan tí àwọn dókítà ń pè ní NEC. Ara ìfun á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó sì lè lu. Nínú 100 ọmọ tí ìwọ̀n wọn ò tó 1,500 gíráàmù nígbà tí wọ́n bí wọn, bíi 5 sí 10 ló ń mú. Nínú 100 àwọn tó bá sì mú, bíi 20 sí 30 ni kì í yè é. Àsìkò tó ń yọjú ló burú jù. Kì í sábà jẹ́ ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì. Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ọ̀sẹ̀ kẹta ni, nígbà tí ọmọ ti kúrò lórí ọ́síjìn, tí oúnjẹ ti ń wọlé, tí bàbá ti ń bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa dá wọn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì á fọwọ́ kan ikùn ọmọ, á rí i pé ó wú, ó le, awọ ibẹ̀ ń dán. Á fi sírínjì fà á wò láti inú rọ́bà: oúnjẹ tí wọ́n fún un ní wákàtí mélòó kan sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, ó ti dà pọ̀ mọ́ omi òrónro aláwọ̀ ewé. Ẹ̀jẹ̀ lè hàn nínú ìgbẹ́. Wọ́n á dá oúnjẹ dúró pátápátá, wọ́n á fi omi àti oògùn apakòkòrò sí i nínú iṣan, tí ìfun bá sì ti lu, ó di ti oníṣẹ́ abẹ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà ni ọ̀rọ̀ NEC. Kò sí ohun kan ṣoṣo tí èèyàn lè nàka sí pé òun ló fà á. Ṣùgbọ́n ohun kan ti fara hàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1990, Alan Lucas àti Tim Cole gbé àbájáde ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lórí ọmọ 926 tí oṣù wọn kò pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń mu mílíìkì agolo nìkan ní NEC ní ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́wàá ju àwọn tó ń mu omi ọyàn nìkan lọ. Kò sí oògùn kankan tí mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí tó ṣe tó bẹ́ẹ̀, omi ọyàn kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ohun tó wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀rá àti ṣúgà tí ọmọ ń jẹ, oríṣi ṣúgà míì wà nínú omi ọyàn tí ikùn ọmọ ò lè mú dà rárá. Ó ju 200 oríṣi lọ, lítà kan omi ọyàn sì lè ní gíráàmù 5 sí 15 nínú. Kí ló dé tí ara ìyá á fi máa wàhálà ṣe oúnjẹ tí ọmọ ò lè jẹ? Ti kòkòrò ni. Bifidobacterium ló ń jẹ ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní infantis ló sì mọ̀ ọ́n jẹ jù. Tó bá ti jẹ ẹ́, á sọ ọ́ di ásíìdì tí àwọn kòkòrò bíi Klebsiella ò fẹ́ràn, ásíìdì yìí kan náà á tún máa ran awọ ìfun lọ́wọ́ láti dí àlàfo rẹ̀. Henry Tissier, tó ń ṣiṣẹ́ ní Pasteur Institute ní Paris, ló kọ́kọ́ rí irú kòkòrò yìí nínú ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú, nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ. Ìyá tó bá ń fún ọmọ ní omi ọyàn ń gbin kòkòrò aṣoore, ó sì ń bọ́ wọn pa pọ̀.

Omi ọyàn àkọ́kọ́ tó máa ń pọ́n bí ìyeyè yẹn, tí àwọn kan ṣì ń fún dànù títí dòní pé ó dọ̀tí, òun gan-an ni ọmọ yìí nílò jù. Kì í pọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá lè fún ọmú títí, kó má ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ ní ìsàlẹ̀ ife. Kó má bọkàn jẹ́. Nọ́ọ̀sì á fi sírínjì kékeré fà á, á gba inú rọ́bà fún ọmọ ní mílílítà kan tàbí méjì. Tí ọmọ ò bá tíì lè gba ìyẹn pàápàá, á kán an sí ìhà inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ó wá kan omi ògì, mi ò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, torí pé ìmọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ wo bí ológì ṣe ń ṣe é. Á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, á lọ̀ ọ́, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó tòrò. Omi tó lé sókè á kan, òórùn rẹ̀ á yí padà. Kò sí ẹni tó da kòkòrò sí i. Ara àgbàdo àti ara ohun èlò ni wọ́n ti wá. I. A. Akinrele tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1970, nígbà tó wà ní ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Òṣòdì, ó sì fi hàn pé Lactobacillus plantarum ni ọ̀gá láàárín àwọn kòkòrò tó ń mú ògì kan. Ní 1994, àwọn onímọ̀ kan lábẹ́ D. K. Olukoya ní ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR ní Yábàá lo irú àwọn kòkòrò yìí láti ṣe ògì kan tí wọ́n pè ní DogiK, tí wọ́n rí i pé ó lè wúlò fún ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọdé. Olukoya yìí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí pásítọ̀ ìjọ Mountain of Fire. Ara àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ náà ni N. A. Olasupo, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì LASU níbí ní Ọ̀jọ́, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ kòkòrò inú ògì, wàrà àti àwọn oúnjẹ wa míì wò, bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tó ń pa kòkòrò búburú.

Ìròyìn wá dé láti Íńdíà ní 2017. Pinaki Panigrahi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí àwọn abúlé ní Odisha, wọ́n kó ọmọ tuntun 4,556 jọ, wọ́n fún ìdajì wọn ní Lactobacillus plantarum pẹ̀lú oríṣi ṣúgà kan tí kòkòrò náà ń jẹ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Láàárín àwọn tí kò gba kòkòrò náà, 9 nínú 100 ló kó àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tàbí tó kú. Láàárín àwọn tó gbà á, ó wálẹ̀ sí 5.4. Kòkòrò tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìkòkò ògì wa ni wọ́n lò yìí! Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, ó sì yẹ kí inú gbogbo ẹni tó ń ta ògì ní Ìyànà Ìbà dùn.

Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni èèyàn ti lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àwọn ọmọ Odisha ò kéré: kò sí èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ò tó 2,000 gíráàmù, kò sì sí èyí tí wọ́n bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 35. Àwọn tí wọ́n kéré jù, tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, kò sí nínú wọn rárá. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n sì lò, tí wọ́n ti yẹ̀ wò tinú tòde, tí wọ́n mọ iye rẹ̀ nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Omi ògì ò rí bẹ́ẹ̀. Plantarum wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò dá wà. Omi kànga tàbí omi bọọ̀hù tí wọ́n fi rẹ àgbàdo wà níbẹ̀, ohun tó wà lára aṣọ asẹ́ wà níbẹ̀, májèlé tí èébu máa ń fi sára àgbàdo lè wà níbẹ̀. Ìfun àgbàlagbà lè fara da gbogbo èyí. Ìfun ọmọ oní-1,200 gíráàmù tí àlàfo kún inú rẹ̀ kò lè fara dà á. Tí wọ́n bá sì ní àwọn á sè é kó lè mọ́, iná á pa kòkòrò aṣoore tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bù ú. Àgbo náà bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: omi ògì, àgbo, omi lásán àti gripe water kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé.

Ìgò tó ti London dé ńkọ́? Lórí ọmọ tó kéré gan-an, ìwádìí ò sọ ohun kan náà. Ní Ọsirélíà àti New Zealand, wọ́n fún àwọn ọmọ ní àpòpọ̀ kòkòrò mẹ́ta nínú ìwádìí tó kó ọmọ 1,099 jọ. Ní 2013 wọ́n kéde pé NEC wálẹ̀ láti 4.4 nínú 100 sí 2.0. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí míì lórí ọmọ 1,315 lo ẹ̀yà Bifidobacterium kan ṣoṣo, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé gbígbọ́ orúkọ probiotic nìkan ò tó. Ẹ̀yà tó wà nínú rẹ̀, iye rẹ̀ àti ìwọ̀n ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ló ń sọ bóyá ó máa ṣiṣẹ́.

Ó sì lè ṣe ibi. Ní 2014, ọmọ kan tí oṣù rẹ̀ kò pé kú ní Amẹ́ríkà torí pé irú èébu tó ń mú kí búrẹ́dì bu ti wọ inú probiotic tí wọ́n fún un. Ní 2023, ọmọ míì tí kò tó 1,000 gíráàmù kú níbẹ̀. Kòkòrò aṣoore inú ìgò fúnra rẹ̀ ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó oògùn sì kìlọ̀ fún àwọn dókítà lọ́dún náà. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ nínú ọsibítù ńlá, kí la fẹ́ sọ nípa ìgò tó ti wà nínú ẹrù ọkọ̀ òfurufú, tó jókòó sí ilé lásìkò tí kò síná, tí wọ́n wá fi ṣíbí tíì bù fún ọmọ? Àwa náà ní ọgbẹ́ tiwa. Ní 2008, oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí kẹ́míkà olóró ti wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Orí pẹpẹ ilé ìtajà ni àwọn òbí ti rà á, wọ́n gbà pé nǹkan ọmọ ni.

WHO dá sí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìlànà tó gbé jáde ní November 2022. Ó ní wọ́n lè gbé probiotic yẹ̀ wò fún ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 32, tó bá jẹ́ pé omi ọyàn ènìyàn ló ń mu. Ẹ kíyè sí i: wọ́n lè, wọn ò ní dandan ni, omi ọyàn sì ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ná. Tí dókítà ọmọ wẹ́wẹ́ bá wá sọ pé òun fẹ́ lò ó, òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè pé: ẹ̀yà wo ni, ṣé wọ́n ti dán an wò lára ọmọ tó kéré tó ti wa, ṣé ó ní nọ́ńbà NAFDAC, níbo ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí tí iná bá lọ. Dókítà tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Ìgò tí ẹbí bá rà wá, kí wọ́n gbé e fún dókítà kó wò ó. Kí ẹnikẹ́ni má yọ́ ọ fún ọmọ tí nọ́ọ̀sì bá yíjú.

Ọ̀nà míì tí kòkòrò ìyá ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ni àyà. Wọ́n á gbé ọmọ lé ìyá láyà, awọ sí awọ, wọ́n á fi aṣọ ọ̀já gbá wọn pọ̀, á wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ìwádìí ńlá kan tí WHO ṣe lórí rẹ̀, tó jáde ní 2021, wáyé ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tàǹsáníà àti Nàìjíríà, Ilé-Ifẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣe tiwa. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé sáyà lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí wọn, láì dúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, 12 nínú 100 ló kú láàárín ọjọ́ 28. Láàárín àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró, 15.7 ni. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ náà dín kù. Bàbá lè gbé e, ìyá ìyá lè gbé e, ṣùgbọ́n tí ìyá tó bí i bá wà, òun ló yẹ kó gbé e jù.

Ìṣòro tó ku fún ará àdúgbò wa ni ojú ọ̀nà. Wọ́n lè dá ìyá sílẹ̀ kí ọmọ ṣì wà ní ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, kó di pé láti Òkòkòmáíkò ni omi ọyàn á ti máa rìn. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣèlérí fún Òkòkòmáíkò, Máìlì Túù ló parí sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2023, nítorí náà dánfó ni, àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Omi ọyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lè lo wákàtí mẹ́rin níbi tí ooru ò bá ju 25°C lọ, àmọ́ ilé wo ni ooru rẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀ ní Èkó lọ́sàn-án? Kí ìyá fọ ọwọ́, kó fún un sínú ike tó ní ìdérí tí wọ́n ti bọ̀ nínú omi gbígbóná, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i lára, kó sì gbé e sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú kúlà tí yìnyín rẹ̀ ò yọ́, ó lè tó wákàtí 24. Bàbá lè gbé e lọ láàárọ̀, kó gbé kúlà òfìfo bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́, ó kéré tán, ni ìyá gbọ́dọ̀ fún un, kó sì dìde fún un lóru, torí pé ọmọ ò sí nítòsí láti fà á, ara á sì gbà pé wọn ò nílò rẹ̀ mọ́. Kódà ní ọjọ́ tí àwọn dókítà bá ń fura sí NEC, tí wọ́n ní kí ohunkóhun má wọ ikùn ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó má dáwọ́ fífún dúró. Kó bèèrè bóyá fìríìsà wà ní wọ́ọ̀dù, kó kó o síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ padà fún ìfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, mílílítà kan ní wákàtí bíi mélòó kan, omi ọyàn yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.